Òṣèré Tó Mọ̀ọ́mọ̀ Ba Eré Rẹ̀ Jẹ́

Kí Nkandu tó di ẹni tí gbogbo Lusaka ń nàka sí nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ kan tí wọ́n máa ń lé jáde nílé òkú ni. Luanshya ni wọ́n bí i sí, ní ìlà ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìwakùsà. Bàbá rẹ̀ ń wọ abẹ́ ilẹ̀ lójoojúmọ́, ìyá rẹ̀ sì ń din búnsì tà lẹ́nu géètì. Bí ẹnì kan bá kú ládùúgbò, tí àwọn obìnrin bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé tí wọ́n ń sunkún, Nkandu á lọ jókòó láàárín wọn, á máa wo ẹnu wọn. Tó bá délé, á to àwọn àbúrò rẹ̀ sílẹ̀, á wá sun ẹkún ìyàwó pásítọ̀ fún wọn, á sun ẹkún àbúrò olóògbé tó ń wo ibi tí oúnjẹ wà, á sì fi ẹkún obìnrin tí kò fẹ́ràn òkú náà rárá kádìí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ á rẹ́rìn-ín títí á fi di ìhà mú, lẹ́yìn náà á gbá a létí. Ọmọ náà ò mọ èyí tó yẹ kóun gbà nínú méjèèjì, ó kúkú ń gba méjèèjì.

Gbọ̀ngàn ìgbafẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ló ti kọ́kọ́ gun orí ìtàgé, níbi tó ti ṣe arúgbó kan tí àwọn ọmọ rẹ̀ pa tì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún fíríìjì ṣe wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, Kaumba lorúkọ rẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé bó bá sọ̀rọ̀ láàárọ̀, ó ti sọ ti ọjọ́ náà tán nìyẹn. Ó lọ bá Nkandu lẹ́yìn ìtàgé, ó ní ìyà tó jẹ arúgbó yẹn dun òun, ṣé òun lè ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún un. Nkandu ní arúgbó náà ò ní eyín tó fi ń mu nǹkan dídùn, ṣùgbọ́n ọmọge tó wọ aṣọ rẹ̀ yóò mu ún. Bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Kó tó wọlé ọkọ, wọ́n gbé e fún àwọn nachimbusa, bí a ti ń gbé gbogbo ọmọge fún wọn. Àwọn àgbà obìnrin wọ̀nyí ló máa ń kó ìyàwó sínú yàrá, tí wọ́n á fi orin, ijó àti àwọn ère amọ̀ kọ́ ọ ní bí a ti ń jẹ́ ìyàwó nílé ọkọ. Ohun tí wọ́n bá kọ́ ọ nínú yàrá yẹn, inú yàrá yẹn ló ń gbé. Kò sí ọkùnrin tó mọ̀ ọ́n, bó ti wù kó bá ìyàwó rẹ̀ pẹ́ tó, obìnrin tó bá sì jáde níbẹ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ́ sétí ẹni tí kò tíì wọlé. Ẹ má bi mí. Bí mo bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ẹ ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu mi.

Tọkọtaya náà kó wá sí Chilenje ní Lusaka, wọ́n bí Mwila, Kaumba di Bàbá Mwila, kò sì sọ̀rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ ló gbé Nkandu dé orí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n pè é pé kó wá tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ní ibi tí wọ́n ti ń ya eré, ó gbàgbé oúnjẹ sílé, ìyàwó rẹ̀ bu nshima, òkèlè àgbàdo, àti ẹja kapenta sínú abọ́, ó gbé e tẹ̀ lé e. Olùdarí eré kan tó ń jẹ́ Sakala ń bínú níbẹ̀ nítorí pé ọmọbìnrin tó yẹ kó ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ kò tíì dé. Ó wo Nkandu tòun ti abọ́ lọ́wọ́, ó ní ẹni yìí jọ ẹni tó mọ bí wọ́n ti ń gbé nǹkan wọlé. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n fún un, pé kó gbé tíì sílẹ̀ kó sì sọ pé, “Tíì yín rèé, Màdáàmù.” Nkandu gbé ife sílẹ̀, ó wo màdáàmù láti orí dé bàtà, ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Gbogbo ẹni tó ń wòran nílé ló mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé màdáàmù yẹn ò ní gbádùn ilé náà mọ́. Àwọn èèyàn ń bèèrè ọmọ ọ̀dọ̀ náà débi tó fi di dandan kí Sakala pè é padà, màdáàmù ló sì kọ́kọ́ kúrò nínú eré.

Láti ìgbà náà, kò sí irú obìnrin tí kò ṣe tán. Ó ti ṣe ìyá ọkọ burúkú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹlẹ́ran kan ní Kabwata fi kọ̀ láti ta ẹran fún un títí tó fi ṣèlérí pé òun máa fi ìyàwó ọmọ òun lọ́rùn sílẹ̀. Ó ti ṣe aṣòfin, ó ti ṣe wèrè, ó ti ṣe ẹlẹ́sìn tó ń jí ọrẹ. Ohun tó mú un yàtọ̀ ni pé kò mọ̀ ọ́n díbọ́n. Bí wọ́n bá ní kó gé àlùbọ́sà, á gé e títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Bí wọ́n bá ní kó gbàdúrà, ẹni tó ń gbé iná á dijú, á ṣe àmín. Sakala máa ń sọ pé iṣẹ́ òun kò ju kóun ti tan kámẹ́rà kí Nkandu tó wọlé. Obìnrin náà fẹ́ràn kí wọ́n máa yìn ín bẹ́ẹ̀, kò sì fi bò rárá.

Nínú eré kan tó ń jẹ́ *Ojúlé Kejìlá*, tó ń jáde ní gbogbo ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ìròyìn, Ìyá Bupe ló ń ṣe, nachimbusa àdúgbò kan tó ń tojú bọ ilé onílé. Lọ́jọ́ kan, ìwé eré sọ pé Ìyá Bupe máa kọ́ ìyàwó tuntun. Ọmọkùnrin ló kọ ìwé náà, ibo ni yóò ti mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú yàrá yẹn? Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó ní kí Màmá, ìyẹn Nkandu, sọ ohunkóhun tó bá wá sí wọn lẹ́nu.

Èrò Nkandu ni láti sọ ọ̀rọ̀ játijàti díẹ̀, kó sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti kú, tí òun náà ń múra ìgbéyàwó tirẹ̀ ní tòótọ́, ó sì ń wò ó lójú bí ẹni tí ebi ń pa. Nkandu gbàgbé kámẹ́rà. Ó gbàgbé àwọn ọkùnrin tó gbé iná dání. Ó bẹ̀rẹ̀ orin, ó sì fi ọwọ́ ọmọ náà sí ibi tó yẹ kó wà, ó kọ́ ọ. Òótọ́ ló kọ́ ọ. Nígbà tó parí, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí, Sakala ní eré yìí ni wọ́n máa fi gba ẹ̀bùn lọ́dún yìí. Inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sílé ni àyà Nkandu ti kọ́kọ́ já. Ó tu ara rẹ̀ nínú pé kò sẹ́ni tó máa fura.

Bàbá Mwila ló kọ́kọ́ fura. Ọkùnrin yìí kì í wo nǹkan kan lórí tẹlifíṣọ̀n àfi bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n lọ́jọ́bọ̀ náà, ó gbé òkèlè nshima dúró lágbede méjì abọ́ àti ẹnu. Ó wo tẹlifíṣọ̀n. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó tún wo tẹlifíṣọ̀n.

“Ìyá Mwila,” ó ní, “ṣé nítorí èyí lo ṣe máa ń ṣe omi yẹn, nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra?”

“Omi wo?”

“Omi.”

“Ẹ jẹun yín, ó ti ń tutù.”

Ọkùnrin náà jẹun, ó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú abọ́ títí tó fi jẹ ẹ́ tán. Nkandu wá mọ̀ pé gbogbo ọkọ tó wà ní orílẹ̀-èdè yìí ló ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sínú abọ́ ní àkókò yẹn.

Bó ṣe rò ó náà ló rí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn ọmọkùnrin ti ń kọ orin náà ní ibùdókọ̀. Ẹni tó ń gbowó nínú bọ́ọ̀sì kọ ọ́ sí ìyá àgbàlagbà kan létí, ìyá náà ní kí wọ́n já òun sílẹ̀, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọjà. Nínú ọjà, àwọn obìnrin tó máa ń pe Nkandu ní Òṣèré Wa kọ ẹ̀yìn sí i. Èyí tó ń ta tòmátì fi àpò bo igbá rẹ̀, ó ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ tòmátì ń yọjú pupa fòò lábẹ́ àpò. Kò sẹ́ni tó bú u. Ì bá dùn mọ́ ọn bí wọ́n bá bú u, nítorí ó mọ bí wọ́n ti ń fèsì èébú.

Ohun tó wá burú jù ni pé Mwila ń lọ sílé ọkọ. Nọ́ọ̀sì ni Mwila, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Mabvuto ló fẹ́ fẹ́ ẹ, olùkọ́ kan láti Chipata, ọmọ Ngoni. Àwa Bemba àtàwọn Ngoni, ẹ̀fẹ̀ la fi ń bá ara wa gbé láti ayébáyé. Àwọn ń pè wá ní ajẹ-ọ̀bọ, àwa ń pè wọ́n ní ajẹ-eku, kódà nílé òkú, ẹnikẹ́ni kì í sì í bínú. Ṣùgbọ́n nípa yàrá ìyàwó, ìyá Mabvuto ò bá ẹnikẹ́ni ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní gbogbo nǹkan yòókù lòun lè gbójú fò, àfi kí ọmọ wọlé òun láìkọ́, kí àwọn ẹbí máa wò ó bí àlejò títí ayé. Bí kò bá sí ẹni tó máa kọ́ ọ, kí wọ́n dá ìgbéyàwó dúró ná.

Kò kúkú sí ẹni tó máa kọ́ ọ. Ìyá Katongo, àgbà nachimbusa ní Chilenje, ti gbà láti ṣe é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́bọ̀ yẹn, ó dá aṣọ chitenge tí wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ padà, ní kíká bó ṣe gbà á. Nkandu lọ sí Kabwata, ó lọ sí Matero. Ọ̀kan ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Òmíràn là á mọ́lẹ̀ fún un pé òun ò lè kọ́ ọmọ tí ẹnu ìyá rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Mwila ò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó kàn ń ti iṣẹ́ dé, á wọ yàrá rẹ̀ lọ, ìyá rẹ̀ á sì máa gbọ́ bó ṣe ń fọn imú. Nkandu, tó ti ṣe oríṣiríṣi ẹkún láti kékeré, mọ̀ pé èyí kì í ṣe ti eré, ó sì ń dùn ún dé egungun.

Nígbà tó sú u, ó wọ aṣọ tó dáa, ó lọ bá Ìyá Katongo fúnra rẹ̀. Ìyá náà jókòó lẹ́yìn ilé, ó ń pa ẹ̀pà. Nkandu dùbúlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó ń pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí a ti ń kí àgbà tí a ṣẹ̀. Ìyá náà pa ẹ̀pà rẹ̀ títí ó fi kún ọwọ́.

“Ta ló wà nílẹ̀ yẹn?”

“Èmi ni, Màmá. Nkandu ni.”

“Mo rò pé Ìyá Bupe inú tẹlifíṣọ̀n ni. Nkandu tí mo mọ̀, wọ́n kọ́ ọ, ó sì gbọ́.”

Nkandu bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun máa lọ sórí rédíò, òun máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo obìnrin pátápátá lórúkọ Ọlọ́run. Ìgbà yẹn ni ìyá náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó.

“Ìwọ lọ. Àwọn ọkùnrin tí kò tíì dá lójú pé òótọ́ ni, kó o lọ fi dá wọn lójú. Bó o bá ti bẹ̀bẹ̀, o ti jẹ́wọ́ pé òótọ́ ni nìyẹn.”

“Kí wá ni kí n ṣe, Màmá?”

“Iṣẹ́ wo lò ń ṣe?”

“Eré ni mò ń ṣe.”

“Ẹ̀ẹ́n. Wọ́n ń sanwó fún ẹ kó o máa parọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó yẹ kó o parọ́ fún wa, ọjọ́ yẹn lo lọ sòótọ́.” Ó fọ́ ẹ̀pà kan. “Padà síbẹ̀. Tún un ṣe níwájú wọn, kó o ṣe é kó bàjẹ́ débi tí ewúrẹ́ á fi fi ẹ́ rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n sọ pé kò mọ̀ ọ́n, kò mọ̀ ọ́n rí.”

“Màmá, wọ́n á sọ pé mi ò mọ iṣẹ́ mi mọ́.”

“Wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀.”

Nkandu dúró bóyá ìyá náà máa fi nǹkan kún un. Ó fi kún un lóòótọ́. Ó ní kò gbọdọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe ọkọ rẹ̀ tàbí ọmọ tó tìtorí rẹ̀ ṣe é. Bó bá ti sọ ọ́ fún ẹnì kan péré, gbogbo iṣẹ́ náà dòfo.

Bí wọ́n bá bu ìtanràn ewúrẹ́ lé e, á san án. Bí wọ́n bá ní kó gbá ìta gbogbo àwọn nachimbusa Chilenje fún ọdún kan, á gbá a, á sì máa kọrin. Ṣùgbọ́n kó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe eré tí kò dáa lójú gbogbo ayé! Ó rìn láti ilé Ìyá Katongo dé ilé rẹ̀ láìrí ẹni tó ń kí i. Ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n ṣe láyé ni wọ́n ní kó lọ gbé sọnù, kò sì lè bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́.

Sakala ò fẹ́ gbọ́ ọ rárá. Ó ní kí ló dé tí Màmá fẹ́ sọ Ìyá Bupe di onírọ́, nígbà tí gbogbo ìlú fẹ́ràn obìnrin náà? Nkandu ò lè sọ fún un pé nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin ni. Ó ní àwọn èèyàn ti sunkún jù nínú eré yìí, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín wọ Sakala létí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé eré pé wọ́n máa tún pe Ìyá Bupe láti wá kọ́ ìyàwó mìíràn, níwájú àwọn àgbà, àṣírí rẹ̀ á sì tú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ó rọrùn láti ṣe nǹkan tí kò dáa, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Ọwọ́ Nkandu ń fẹ́ lọ sí ibi tó tọ́, ó ń fà á padà. Orin tòótọ́ dé ẹnu rẹ̀, ó gbé e mì, ó ń wá ohun tó máa fi dípò rẹ̀. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára kábéèjì kan tí wọ́n fi ṣe ilé ìdáná lọ́ṣọ̀ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀:

“Kábéèjì mi, kábéèjì mi o,
Ewé lórí ewé,
Ọkọ mi ń ṣí i, kò rí nǹkan kan.”

Ó ń jó, ó fẹsẹ̀ kọ́ ẹní, ó ṣubú lé ìyàwó lórí. Ó ní kí ìyàwó máa kúnlẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀ tó bá ń gbé oúnjẹ fún un, kí ọkọ má bàa rí i pé ó ti tọ́ ọ wò. Àwọn òṣèré tó ṣe àgbà fi orógùn nshima lé e yí ilé ká. Ó wá dúró, ó kọjú sí kámẹ́rà, ó sọ gbólóhùn tó tìtorí rẹ̀ wá:

“Mi ò kọ́ ọ níbì kankan rí. Ti ọjọ́sí gan-an, inú bọ́ọ̀sì ni mo ti hùmọ̀ gbogbo ẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Sakala sún mọ́ ọn, ó rọra bi í pé, “Màmá, ṣé ara yín ò yá ni?” Ó ní ara òun yá, kí wọ́n gbé e jáde bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, ó ti ilẹ̀kùn, ó sunkún, kò sì ronú nípa bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí.

Ìlú rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì rẹ̀, kò sẹ́ni tó rántí orin àkọ́kọ́ mọ́ ní ibùdókọ̀, nítorí kò sí ọkùnrin tó fẹ́ kí wọ́n bá irọ́ lẹ́nu òun. Kábéèjì ni wọ́n ń kọ. Àwọn ọmọdé ń kọ ọ́ bọ̀ láti iléèwé. Ìwé ìròyìn kan sọ pé àsìkò ti tó kí ìyá náà lọ sinmi, ẹ̀bùn tí Sakala ń retí sì gba ọ̀nà ibòmíràn lọ. Bàbá Mwila wo ìyàwó rẹ̀ títí, ó ní, “Irọ́ ni omi yẹn náà, àbí?” Nkandu ní irọ́ ni. Ó dun ọkùnrin náà díẹ̀, nítorí ó ti fẹ́ràn rẹ̀ pé òun mọ nǹkan kan.

Ti Mwila ló dùn ún jù. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà sọ ọ́, kò gbóhùn sókè.

“Nílé ìwòsàn, aláìsàn tó ń gba abẹ́rẹ́ ń kọ kábéèjì sí mi. Màmá, kí ló dé tẹ́ ẹ gbà kí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín? Ti tẹ́lẹ̀ yẹn, mo bínú o, mi ò parọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣáà ń rò ó nínú ara mi pé ìyá mi mọ nǹkan kan.”

Ọ̀rọ̀ tó lè yanjú gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu Nkandu, ó ti dé eyín. Ó ní kí Mwila nawọ́ iyọ̀ sí òun.

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Katongo yọ sí wọn láàárọ̀ kan, òun àti obìnrin méjì, wọ́n gbé ẹrù sórí. Kò kí Nkandu, kò bi í ní nǹkan kan. Ó ní, “Ọmọ dà?” Wọ́n kó Mwila wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn, ìyá Mabvuto sì ránṣẹ́ pé kí wọ́n máa pọn munkoyo, ọtí ìgbéyàwó. Ìyá ọmọ kì í wọ yàrá ọmọ rẹ̀, Nkandu náà ò sì wọ̀ ọ́. Ó jókòó sí ìta, ó ń ṣa ìrẹsì, ó ń gbọ́ bí orin ṣe ń ti abẹ́ ilẹ̀kùn jáde, ó sì mọ ibi tí wọ́n dé. Nígbà tí orin kan bẹ̀rẹ̀, ó gbé àwo ìrẹsì, ó lọ jókòó sí ìdí máńgòrò tó jìnnà díẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n mú ìyàwó jáde, ọjọ́ sátidé, àgbàlá kún fọ́fọ́. Wọ́n gbé ìkòkò tuntun àti àwo tuntun wá fún Mwila, Mabvuto wá ṣí ìbòjú rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, àwọn obìnrin Ngoni sì ti pèsè ẹ̀fẹ̀ wọn láti Chipata. Wọ́n gbé kábéèjì ńlá kan tí wọ́n so ọ̀já mọ́ lọ́rùn wá síwájú Nkandu, wọ́n ní ẹ̀bùn ìyá ìyàwó rèé, kó máa ṣí i títí á fi rí nǹkan kan níbẹ̀. Ọ̀kan sọ pé ọ̀bọ tí wọ́n ń jẹ gan-an mọ yàrá ju obìnrin yìí lọ. Àgbàlá ya sí ẹ̀rín. Nkandu gba kábéèjì, ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀, ó sì jó o láti ẹnu géètì dé ìdí ìkòkò, ó ń kọsẹ̀ níbi tó ti kọsẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó ṣe é dáadáa ju ti ọjọ́ náà lọ. Àwọn ajẹ-eku náà ń wó lulẹ̀ ní tiwọn, ẹ̀rín fẹ́ pa wọ́n.

Ìyàwó nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sórí ẹní, ó wolẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó wolẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ rí i pé omijé ń kán sí i lórí chitenge. Nígbà tí wọ́n ń bu oúnjẹ, Nkandu wọ ilé ìdáná lọ láti gbé abọ́, Mwila sì dìde lórí ẹní, ó tẹ̀ lé e wọlé, ó fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Àwọn méjì péré ni wọ́n wà níbẹ̀. Ìyá náà ṣì gbé kábéèjì pọ̀n.

Mwila kúnlẹ̀. Ó di ìyá rẹ̀ mú lẹ́sẹ̀.

“Màmá,” ó ní, “ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, orin yẹn, bẹ́ ẹ ṣe fi ọwọ́ ọmọ yẹn…”

Nkandu fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu kíá. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí ọmọ yìí sọ gbólóhùn náà parí, kò sì tíì sí ìyìn kan láti ìgbà tó ti ń ṣeré tó wù ú tó èyí.

“Wò ó bó ṣe fẹ́ tú u jáde,” ó ní. “Ọmọ mi ni ẹ́ lóòótọ́. Gbé abọ́ yẹn, jẹ́ ká máa lọ.”